Orúkọ Tó Kù Nínú Àkójọ

Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ṣú ní Oulu.
Mo ti gbẹ́ eyín mọ́kànlá láti àárọ̀,
eyín àtọwọ́dá, fún àwọn tí n ò ní rí ẹnu wọn láé.
Mo bọ́ bàtà yìnyín sẹ́nu ọ̀nà,
mo gbé kọfí kaná,
mo ṣí kóòdù.

Eré ọkọ̀ apẹja ni. Ọ̀fẹ́ ni.
Kò sẹ́ni tó ni ín, gbogbo wa la ni ín.
Ohun tí gbogbo wa ni, ẹ kúkú mọ̀ bó ṣe ń rí:
òrùlé ń jò, kálukú ń gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀.
Ènìyàn mẹ́rìnlélọ́gọ́ta lè wọ òkun kan náà lẹ́ẹ̀kan
kí wọ́n máa lé ẹja tí kò lóòórùn.

Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún ni òkun náà ń wúwo sí i.
A pa ẹ̀rọ, a tún un tàn, òkun ò fúyẹ́.
Ọkọ̀ a sún, a dúró, a sún, a dúró,
bí arúgbó tó ń gun àtẹ̀gùn.
Ọmọdé kan ní Punta Arenas kọ̀wé sí wa:
"Ìgbì pa mí kí n tó rí ìgbì."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.
Mo wá a lójú ewé, n ò rí i.
Mo so aago mọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan lọ́rùn:
ta ló ń jẹ àkókò wa?
Mo fura sí ẹ̀fúùfù. Ẹ̀fúùfù ò mọwọ́, kò mẹsẹ̀.
Mo fura sí ẹja. Ẹja méje péré ló ń ronú,
ìyókù ń tẹ̀ lé wọn.
Mo lo òru mẹ́rin lórí yìnyín tó ń bọ́ nínú eré
nígbà tí yìnyín gidi bo kẹ̀kẹ́ mi mọ́lẹ̀ níta
tó fi ku ọwọ́ rẹ̀ nìkan, bí ìwo ewúrẹ́.

Lóru karùn-ún ni mo kan ìlà Veikko.
Ó ti kọ ọ́ sórí rẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án:
"Ẹ má fọwọ́ kan èyí. Ó ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ ìdí ẹ̀."
Ó gbàgbé lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn,
bó ṣe máa ń gbàgbé rẹ̀.

Ẹni bá wọlé, ìlà yìí á kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.
Ẹni bá jáde, kò sẹ́ni tó pa orúkọ rẹ̀ rẹ́.
Ìyá kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé wọ́n ti lọ;
ó ń bu ìgbì fún wọn, ó ń bu ẹ̀fúùfù,
ó ń sọ fún àga òfìfo pé ẹja ti dé.
Àwọn tó wà ń tò sẹ́yìn àwọn tí kò sí.

Mo ka àkójọ náà. Ẹgbẹ̀rún méjì ó lé.
Orúkọ àkọ́kọ́, Veikko,
tí a sin lóṣù Èbìbí, tí ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ tó fún ọkọ́.
Ọdún mẹ́ta gbáko, ìyá kọ̀ǹpútà ń gbé òkun lọ bá a.
Kò dáhùn. Kò sì sú u.

Mo mu kọfí tó ti tutù.
Mo mọ iṣẹ́ mi: eyín tó ti kú,
a kì í tìtorí ìfẹ́ fi í sílẹ̀ lẹ́nu.
Ìlà kan péré ni àtúnṣe náà:
ẹni tó bá jáde, jẹ́ kó jáde.
Mo kọ ọ́. Mo dán an wò. Mo fi ránṣẹ́.
Marjut ní Turku kà á, ó bi mí:
"Ṣé ó dá ọ lójú?"
Mo ní ó dá kóòdù lójú.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ọmọ Punta Arenas ò dúpẹ́.
"Kò há mọ́," lohun tó kọ, ó padà sókun.

Èmi náà wọlé lẹ́ẹ̀kan kí n tó lọ síbi eyín.
Omi ń ṣàn. Àwọ̀n balẹ̀ bí mo ṣe jù ú.
Ìkìlọ̀ Veikko ṣì wà níbẹ̀, n ò pa á rẹ́.
Lẹ́tà tó gbàgbé nìkan ni mo fi kún un.